Ẹni Tó Ń Dúró Ní Èbúté

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ yín ti jáwọ́ nínú ìwà burúkú tó ń hù, tó fi ń já òwú ní gbogbo ìgbà? Èmi wà láàyè, mo ń jẹun, mo ń sùn. Mo tètè sọ ìyẹn kí ẹ lè fọkàn balẹ̀ ka èyí tó kù.

Inú ṣì ń bí mi díẹ̀ o. Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, ohun tí ẹ sọ kò ju “Pariwo díẹ̀ sí i” lọ, ẹ sì ti gbé fóònù fún ọmọ iṣẹ́ yín. Ó dáa. Ẹ ní ariwo ẹ̀rọ ti ba etí yín jẹ́, pé kí n máa kọ̀wé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí wọ́n máa kọ̀wé sí òun, ó yẹ kó máa fèsì kí ọdún tó yí po.

Ìròyìn ayọ̀ wà lẹ́nu mi: mo ti kúrò níbi ìfọṣọ ilé ìtura. Ọṣẹ ti bó gbogbo ọwọ́ mi tán. Àwọn kan tó ń mú àlejò kiri ìlú ló ń wá ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í rẹ̀, ni mo bá lọ. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Asọ̀rọ̀mágbèsì láti kékeré, bí ẹni ń pe rédíò. Ẹ wò ó, wọ́n ti fi rédíò yín síṣẹ́. Afinimọ̀nà ni mí báyìí. Mo ní fìlà, mo ní bàtà tó dáa.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín kiri díẹ̀. Èbúté la ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ odò ti ń já àlejò sílẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ èèyàn sì ti mú kó dán bí àwo. Láti ibẹ̀ a ó gun àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì dé orí afárá onírin, kí wọ́n lè rí bí odò ṣe di ìlú náà ní ìgbáròkó bí bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà ni àdúgbò àwọn tó ń ṣe ohun èlò orin. Ẹnì kan ń fá igi, ẹnì kan ń na okùn, ẹnì kan ń fi iná yọ́ idẹ. Ẹ óò máa gbọ́ tí wọ́n ń dán fèrè tuntun wò lójú fèrèsé, orin tí kò lórí, tí kò nídìí, tó sì ń wọni lára bákan náà. Wọ́n ní gbogbo orin tí wọ́n ti ń jó káàkiri ayé, inú òpópónà yẹn ni ìdajì wọn ti kọ́kọ́ dún. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́.

Ọ̀gá mi obìnrin fún mi ní ìwé kan tó ti gbó, ó ní kí n há a sórí. Afinimọ̀nà àtijọ́ kan ló kọ ọ́, òun sì ni gbogbo wa ń lò. Èdè ibí ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mò ń tú u sí èdè wa fún yín, ńṣe ló ń bọ́ lẹ́nu mi bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ gbọ́ èyí tí a máa ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí wọ́n sàmì ìkún omi sí:

“Ẹ wo ibi tí ọwọ́ mi wà yìí. Omi gòkè débí lọ́dún kan láyé àtijọ́. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó wo inú ilé, kò rí ojú tó mọ̀, ó bá yí padà, ó ń lọ.”

Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín gan-an.

Gbọ̀ngàn orin la ń parí sí. Àjà rẹ̀ rí róbótó, ó ga. Ìwé náà ní kí n dúró lórí òkúta dúdú kan láàárín ilé, kí n súfèé lẹ́ẹ̀mẹrin: méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan gígùn. Àjà yóò dá a padà, ohùn rẹ̀ á sì dùn ju tèmi lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ mi ránṣẹ́, ọ̀gá mi fẹ́ rí i. Inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà.

Ọmọ yín,
Asọ̀rọ̀mágbèsì


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ yá. Èmi náà wà. Ìjì ṣí páànù méjì lórí ṣọ́ọ̀bù, a ti kàn án padà. Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ogójì ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ rán kí àwọn ọmọ tó wọlé, ẹ̀rọ náà sì ń já òwú bí ẹni tí wọ́n rán sí mi. Bá mi wá abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún. Èyí tí wọ́n ń tà níbí ń ṣẹ́.

Mi ò fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́. Mi ò ní fi ránṣẹ́.

Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Padà síbi ìfọṣọ, tàbí kí o wá òmíràn. Mi ò sọ pé iṣẹ́ náà kò dáa, mo ní kí o fi sílẹ̀ ni. Tí kò bá ṣeé ṣe kíákíá, má sọ ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn mọ́. Sọ tìrẹ, o kò ṣàìní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Má súfèé nínú ilé yẹn mọ́. Má sì máa pẹ́ ní èbúté.

Má bi mí ní ìdí. Tí o bá fẹ́ràn mi, má bi mí.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Màmá,

Ẹ kú ilé. Abẹ́rẹ́ méjìlá wà nínú àpò ìwé yìí, mo fi òwú wé wọn kí wọ́n má baà gún ẹni tó ń pín lẹ́tà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, ó sì dùn mí wọra. Nígbà tí mò ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn tí mi ò mọ̀, ẹ kò ní kí n fi sílẹ̀. Ìgbà tí mo rí iṣẹ́ tí mò ń fi orí mi ṣe, ìgbà náà lẹ wá ní kí n padà sídìí ọṣẹ. Kí ni mo ṣe fún yín?

N kì bá tún kọ̀wé kíákíá báyìí, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, àlejò mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn mi nínú gbọ̀ngàn. Mo dúró lórí òkúta dúdú, mo fi ahọ́n mú ètè mi tutù. Mi ò tíì súfèé. Màmá, mo fi ohun tí mo ní láyé búra, mi ò tíì súfèé. Ni ilé náà bá súfèé. Méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ó wá dúró síbẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn parí rẹ̀.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan ń wo òkè, ó ń bi mí níbi tí a fi ẹ̀rọ pamọ́ sí. Èmi kò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí òkúta náà. Mi ò parí rẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí ọ́fíìsì, mo bi ọ̀gá mi pé, “Ta ló kọ ìwé tí ẹ fún mi yìí?”

Ó ní, “Àjèjì kan ni. Bàbá mi ló gbà á síṣẹ́, ọmọdé ni mí nígbà náà. Ó ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ orin tó ń bá ọkọ̀ odò kiri, kí irin tó gbá a lẹ́nu, kí eyín iwájú rẹ̀ tó kán. Afọnfèrè tí kò léyín, kí ló kù fún un? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò kiri. Odò ló gbé e lọ níkẹyìn.”

Ó wá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Apá ọ̀dọ̀ yín ló ti wá mà. Ẹ tilẹ̀ jọra, pàápàá bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.”

Mi ò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Màmá, ẹ ní ibà ló pa bàbá mi, nílé, kí n tó pé ọdún mẹ́ta. Ẹ ní iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Mi ò rí ibojì rẹ̀ rí. Mi ò rí fọ́tò rẹ̀ rí, ẹ ní òjò ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Màmá,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Mo pe fóònù, ọmọ iṣẹ́ yín ní ẹ wà, ara yín dá, ẹ ń ránṣọ. Ó ní ẹ kì í dá ẹ̀rọ dúró pàápàá láti jẹun. Ìyẹn ni pé ẹ gba lẹ́tà mi. Ó dáa, nígbà tí ẹ kò fẹ́ sọ ọ́, mo lọ síbi tí wọ́n ti lè sọ ọ́.

Ọ̀gá mi júwe ilé tí afọnfèrè náà gbé rí fún mi. Ní ìparí àdúgbò àwọn tó ń ṣe ohun èlò ni, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Màmá onílé ṣì wà láàyè, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Ó jókòó sídìí fèrèsé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kí i, ni àwo ẹ̀wà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ta nìyẹn?”

Mo ní, “Afinimọ̀nà ni mí, mà.”

“Mi ò bi ọ́ ní iṣẹ́ rẹ. Ohùn ta ni o fi ń sọ̀rọ̀ yẹn?”

Mo kúnlẹ̀, mo ń bá a ṣa ẹ̀wà nílẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ojú mi, ó fi ìka tọ iwájú orí mi, ó tọ imú mi, ó wá ní, “Ìwọ lo ni bẹ́ẹ̀dì kékeré.”

Ó mú mi gun òkè lọ sí yàrá kan tó kọjú sí odò. Ayálégbé méjì ló ti gbà á láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lo oṣù kan. Wọ́n ní ẹnì kan máa ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ lọ́sàn-án gangan, bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo, yóò gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò mí kanlẹ̀. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹnì kankan. Màmá onílé ti wá sọ yàrá náà di ibi ìkẹ́rùsí. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afọnfèrè náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án, ó fi yanrìn ha gbogbo etí igi rẹ̀ kó má baà họ ọmọ lára. Ẹnì kankan ò sùn sórí rẹ̀ rí. Mo jókòó sí i, orúnkún mi kan àgbọ̀n mi.

Mo bi màmá onílé pé báwo ló ṣe kú.

Ó ní, “Lásìkò ìkún omi ni. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé lọ́dún yẹn ló ń lọ pàdé. Tí mo bá bi í pé ta ló ń retí, á fi ọwọ́ bo ẹnu torí eyín rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, ‘Àwọn èèyàn mi.’ Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ pẹ́. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Wọ́n pariwo pé kí gbogbo èèyàn kúrò lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí omi ní èbúté. Gbogbo wọn kúrò. Òun nìkan ló rìn lọ sí ìparí pákó, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí i. Omi gbé pákó náà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò rí i mọ́ títí dòní.”

Lẹ́yìn náà ló gbé agolo bisikí kan fún mi. Lẹ́tà mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣí ìkankan rí. Orúkọ yín ló wà lára gbogbo wọn. Lábẹ́ orúkọ náà, ẹnì kan fi yíǹkì dúdú kọ ọ́ pé: “Ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́.”

Màmá, mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Òun lẹ fi ń kọ orúkọ oníbàárà mọ́ aṣọ.

Mi ò tíì ṣí wọn. Orí tábìlì mi ni wọ́n wà. Ẹ sọ ohun tí n ó ṣe.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara rẹ yá, torí mo mọ̀ pé kò yá.

Lẹ́tà tí o fi bèèrè ikú bàbá rẹ wà lọ́wọ́ mi fún oṣù kan gbáko. Mò ń bẹ̀rẹ̀ èsì, mò ń ya á. Ìgbà tí èyí tó tẹ̀ lé e dé, mo rí i pé ibi ìsápamọ́sí ti tán. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bàbá rẹ ni. Kò sí ibà kankan. O kò tíì pé ọdún méjì nígbà tí ẹgbẹ́ orin mú un lọ. Ó ní oṣù mẹ́fà. Ọdún kan kọjá, mi ò rí ìwé, mi ò gbọ́ ohùn. Nígbà náà ni ọkùnrin tó ń tún aago ṣe lódìkejì ṣọ́ọ̀bù wa ti ìrìn àjò dé. Ó wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó, ó mu omi, ó ní òun rí ọkọ mi ní ìlú etí odò. Ó ní ọkọ mi àti obìnrin kan ló wà nínú ilé ìtajà, tí wọ́n ń yan bàtà ọmọdé, obìnrin náà sì di apá rẹ̀ mú. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń káàánú mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti mọ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn ìyẹn tí lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ dé. Mi ò ṣí i. Mo kọ ohun tí o rí yẹn sí i, mo sì dá a padà. Inú mi dùn, kí n má parọ́. Mò ń fojú inú wo bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí nígbà tó bá gbà á. Oṣooṣù ló ń wá, oṣooṣù ni mò ń dá a padà, mọ́kànlá.

Èkejìlá dé, ó nípọn ju àwọn tó kù lọ. O ń ṣeré lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. O gbé e fún mi, o ní, “Màmá, ta ló kọ̀wé sí wa?” O ní “sí wa”. Mo mú yíǹkì, mi ò lè kọ nǹkan kan. Mo tì í sínú dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Mo ní n ó ṣí i tí inú mi bá rọ̀, ó sì kù díẹ̀ kó rọ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ aláṣẹ ìlú yẹn pé odò ti gbé e lọ.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣí i lẹ́yìn ìyẹn? Inú dúrọ́ọ̀ yẹn ló ṣì wà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ lórí rẹ̀.

Súfèé mẹ́rin yẹn, òun ló fi ń pè mí tó bá ti dé ìkóríta. Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ omi tó yọjú lójú fèrèsé nínú lẹ́tà rẹ, mo dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ. Kò sí ẹlòmíràn láyé tí ń dá irú àpárá bẹ́ẹ̀. Àti pé nígbà tí o kọ́kọ́ dárúkọ ìlú tí ilé ìtura rẹ wà, abẹ́rẹ́ gún mi wọ èékánná. Tí mo bá ní kí o má lọ, ìwọ ìbá bi mí pé kí ló dé.

Mo tún fẹ́ sọ ọ̀kan. Lọ́sàn-án, tí ẹ̀rọ bá dúró, tí ibi gbogbo dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lójú títì. Ó máa ń bọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kì í wọlé. Gbogbo yín ní mo kúndùn iṣẹ́, pé mi kì í sinmi. Ẹ kò mọ̀ pé n kò fẹ́ kí ẹ̀rọ dákẹ́ ni.

Má ṣí àwọn mọ́kànlá yẹn. Mo bẹ̀ ọ́. Dá wọn padà sínú agolo.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Màmá,

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ti ṣí mẹ́ta. Mi ò tọrọ àforíjì.

Ẹ fẹ́ mọ ìdí tí kò fi kọ̀wé fún ọdún kan? Inú èyí àkọ́kọ́ ló wà. Oṣù mẹ́rin ló fi sùn sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ẹnu tó fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kọ ọ́ báyìí: “Ojú ń tì mí sí ọ. Afọnfèrè lo fẹ́, kì í ṣe aláìléyín. Mo ní kí n kọ́kọ́ ríṣẹ́ tí mo lè dárúkọ.”

Èyí tó kù nínú ìwé náà, ìlú ló ń fi hàn yín. Lẹ́tà kan fún ibì kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti èbúté, èkejì ti afárá, ẹ̀kẹta ti ògiri ìkún omi. “Bí o bá dé, má kánjú, jẹ́ kí àwọn tó gbẹ́rù kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Òkúta náà ń yọ̀, di ọwọ́ ọmọ mú.” Mo ka ìyẹn, mo ní láti jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ omi tó yọjú lójú fèrèsé wà níbẹ̀, ní èdè wa, bí mo ṣe tú u fún yín gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Ẹ̀yin ló kọ́kọ́ kọ gbogbo rẹ̀ fún, màmá. Ìgbà tí ẹ ń dá a padà ló wá ń sọ ọ́ fún àlejò.

Mo bi màmá onílé nípa obìnrin tó di apá rẹ̀ mú ní ilé ìtajà bàtà. Ó ní, “Èmi náà ni! Orúnkún ló ń dùn mí. Apá ta ni kí n dì mú, ti ẹni tó ń ta bàtà?” Ó rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó bá mú mi gòkè lọ sí yàrá náà. Bàtà náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré. Pupa ni. Bàbá mi fojú díwọ̀n ẹsẹ̀ mi ni, ì bá sì tóbi jù fún mi nígbà náà.

Ọkùnrin tó ń tún aago ṣe yẹn, ṣé ẹ ṣì jọ ń kíra láràárọ̀?

Inú ń bí mi sí yín débi pé mi ò lè sùn, àánú yín sì tún ń ṣe mí, mi ò mọ èyí tí n ó mú. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún èèyàn pé ibà ló pa bàbá mi. Lánàá, obìnrin àgbàlagbà kan láàárín àwọn àlejò dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní, “Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ dùn o. Ta ló kọ́ ọ?” Mo ní, “Bàbá mi ni.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ nǹkan nípa rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ ṣí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Mi ò ní kọ̀wé mọ́ títí ẹ ó fi ṣí i.

Ọmọ yín


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mo ti ṣí i.

Ó gbà mí ní oṣù méjì. Tí mo bá fa dúrọ́ọ̀ náà, n ó tún tì í padà, n ó gbé aṣọ mìíràn lé ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa lọ sílé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo fi àlùmọ́gàjí ìránṣọ gé etí rẹ̀, bí mo ṣe ń gé aṣọ olówó iyebíye, kí n má baà ya á.

Ìwé ọkọ̀ méjì ló bọ́ jáde, ọ̀kan ti àgbà, ọ̀kan ti ọmọdé. Ojú ìwé méjì ló kọ. N ó da apá kan nínú ojú ìwé àkọ́kọ́ kọ fún ọ, èyí tó kù jẹ́ tèmi.

“Mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Tí o kò bá fẹ́ wá, dá èyí náà padà bí o ṣe ń ṣe, n ó sì mọ̀ pé ó ti parí, n ó fi ọ́ sílẹ̀ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n tí kò bá padà, n ó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. N kò mọ ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé ni n ó máa pàdé.”

Ọmọ mi, kò padà.

Má kọ̀wé sí mi pé n kò mọ̀. N kò mọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ di etí, kò lè sọ pé wọn ò pe òun. Má sì bínú sí aláago. Ó ti kú láti ọdún mẹ́jọ, èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n fi sin ín. Ohun tó rí ló sọ. Èmi ni mo ní ìwé lọ́wọ́ tí mo lè fi wádìí.

Ẹsẹ̀ tí mo sọ fún ọ yẹn kò wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo rò pé inú mi yóò dùn. Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo tẹ́tí, mo tún tẹ́tí. Kò sí nǹkan kan lójú títì. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Mo ti gbé ṣọ́ọ̀bù fún ọmọ iṣẹ́ mi àgbà fún oṣù kan. Mo ń bọ̀. Kì í ṣe ìlú ni mo fẹ́ wò, má dé fìlà wá pàdé mi. Mo fẹ́ dé ibi tó dúró sí, kí n sọ fún un pé mo rí ìwé rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú yóò gbé mi dé ìlú ẹnu òkun lọ́jọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀, n ó sì wọ ọkọ̀ odò lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Wọ́n ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé.

Orí òkúta ni kí o dúró sí. Má bọ́ sórí pákó, ì báà jẹ́ pé o ti ń rí mi. Tí òjò bá rọ̀, tí ọkọ̀ bá pẹ́, má dúró dè mí rárá. Máa lọ sílé, kí o sé ilẹ̀kùn rẹ. N ó mọ ọ̀nà. Ojú ìwé kejì, láti èbúté dé ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi.

Ìyá rẹ